Ọjọ́ Tí Sístà Fúnmi Dárúkọ Ara Rẹ̀ Lórí Ìtàgé

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílùú Dallas yìí, màámi kú láìmọ ohun tó jẹ́ gan-an. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ọmọ àwọn ti di dókítà l'Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ wọn, Pásítọ̀ ní kí Dókítà Adéoyè dìde kí ìjọ rí wọn. Mo dìde, ìjọ pàtẹ́wọ́. Kí ìsìn tó parí, àwọn ìyá àgbà ti tò sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n ń ká apá aṣọ sókè kí n bá wọn wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé eré orí ìtàgé ni mo fi gboyè dókítà, ọ̀kan nínú wọn wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Eré? Ọmọ mi, gbogbo ọdún yẹn?"

Gbogbo ọdún yẹn ni o. Ohun tí mo kọ́ ni bí a ṣe ń fi ìmọ̀ ìtúpalẹ̀ ọkàn wo àwọn obìnrin inú eré òde òní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Àwọn onímọ̀ ọkàn sọ pé ènìyàn ní ọkàn tó mọ̀ pé òun ní, ó sì tún ní òmíràn lábẹ́ rẹ̀, níbi tó ń kó gbogbo ohun tí kò fẹ́ rántí sí. Ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í kú. Bí ẹnu bá gbé e mì, ọwọ́ á sọ ọ́, tàbí ẹsẹ̀, tàbí àlá. Ibẹ̀ ni àwa tí a ń tú eré palẹ̀ máa ń wò. Obìnrin kan á wà lórí ìtàgé nínú ilé ìdáná rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín, á ní kò sóhun tó ṣe òun. Àwa á máa wo ìka rẹ̀ tó ń já òwú etí aṣọ tábìlì. Èyí tí ẹnu sọ ni ọ̀rọ̀. Èyí tí ìka ń sọ là ń pè ní ọ̀rọ̀ abẹ́ ọ̀rọ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Whitlock, ìyá òyìnbó kan tó kúrú bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, àmọ́ tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti sójà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dúró síwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé títí ìdí tí obìnrin inú eré kan fi jẹ́ kí àwo bọ́ lọ́wọ́ òun tó fọ́. Mo ní àwo náà ni ìgbéyàwó rẹ̀, mo ní òun ni ilé ọmọ rẹ̀, mo ní òun ni ìyá tó bí i lọ́mọ. Ìyá náà jẹ́ kí n parí. Ó ní, "Adéoyè, ọṣẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè kan ló máa ń bi wá nípa gbogbo obìnrin tó bá jáde lórí ìtàgé: "Ta ló sọ fún un pé ẹni tó jẹ́ nìyẹn?" Ó ní ojú ìyá ni ọmọ ọwọ́ ti kọ́kọ́ ń rí ara rẹ̀, kó tó rí i nínú dígí. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ojú ìyá náà ń wá, ọmọ á dàgbà tán, á máa wá ara rẹ̀ kiri lójú ọkọ, lójú ọmọ, lójú aládùúgbò. Ó ní orí ìwákiri yẹn ni ìdajì eré Amẹ́ríkà dá lé. Mo fi ọ̀rọ̀ náà kọ ìwé, mo gboyè. Mo rò pé ó yé mi.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan lápá ìlà-oòrùn Dallas ni mo ti ń kọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í ṣe ọmọ olówó. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù wà níbẹ̀, ìyá tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó ló sì pọ̀ jù. Ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú wọn ń lé, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti ní wọn kò ní rí i gbà láìṣe kọ́ọ̀sì kan nínú iṣẹ́ ọnà. Bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní àgbo mu ni wọ́n ṣe máa ń wọ kíláàsì mi.

Bẹ́ẹ̀ ni Sístà Fúnmi ṣe wọlé. Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, bí a ti ń mọ ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì: ìyàwó Bùròdá Kúnlé tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìyá Tómi, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọkọ ń ṣe, ìyàwó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Mesquite, ilé tuntun ni wọ́n sì ń gbé ní Forney. Tààrà láti ibi iṣẹ́ ló ti wá lọ́jọ́ náà, aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ ma. Aunty, ẹ dákun, ṣé kò sí ìdánwò kan tí mo lè kàn ṣe kí n gba máàkì mi? Ojú máa ń tì mí."

"Ojú wo? Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń kọrin fún gbogbo ìjọ ni?"

"Ìyẹn ti Ọlọ́run ni, ma. Níbí, èmi fúnra mi ni wọ́n máa wò."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó lọ jókòó.

Ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe nínú kíláàsì ni pé kí ènìyàn méjì kọjú síra, kí oníkálukú pe orúkọ ara rẹ̀ sí èkejì létí, kó pè é bí ẹni inú ń dùn, kó tún pè é bí ẹni inú ń bí. Ó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan Sístà Fúnmi, ó pe tirẹ̀ bí ẹni tó ń ka orúkọ aláìsàn lára ilẹ̀kùn yàrá. Mo ní kó tún un pè. Bákan náà ni. Mo tún ṣàkíyèsí pé bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó yíjú, bí ẹni tó kọ́kọ́ ń wò ó bóyá òun ni. Àárẹ̀ iṣẹ́ ni mo kà á sí. Ẹni tó ń gbé arúgbó sókè sódò láti àfẹ̀mọ́júmọ́, etí rẹ̀ lè wúwo.

Eré tí a mú lọ́dún náà, obìnrin ará Texas kan ló kọ ọ́, wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìyàwó ilé kan ló dá lé. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sẹ́ni tó pe obìnrin náà lórúkọ. Olólùfẹ́ ni ọkọ ń pè é, mọ́mì ni àwọn ọmọ ń pè é, orúkọ ọkọ rẹ̀ ni àwọn aládùúgbò fi ń pè é. Ní ìran tó kẹ́yìn, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń ka iye ènìyàn inú ìlú kan ilẹ̀kùn, ó sì bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò kọ èsì kankan síbẹ̀. Ó kàn kọ ọ́ pé obìnrin náà dákẹ́ títí iná fi kú.

Mo ní kí gbogbo obìnrin inú kíláàsì gbìyànjú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Òmíràn mí kanlẹ̀, òmíràn fi ọwọ́ bojú, òmíràn sunkún bí ẹni tí olè jà. Sístà Fúnmi kàn dúró ni. Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó fẹ́ gbé òkèlè tó tóbi jù mì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di òsì mú gírígírí, bí ìyá ṣe ń di ọmọ mú létí títì. Rubén, bàbá ará Mẹ́síkò kan tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba inú eré náà, gbójú sílẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó bá Sístà Fúnmi du ipa náà mọ́.

Lẹ́yìn ìdánrawò ọjọ́ náà, mo bi í pé, "Kí lò ń rò níbẹ̀ yẹn?"

Ó ń di bàtà rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mò ń rò ó pé tí mo bá dáhùn, ta ló máa kú?"

Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Mo ní ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ìwé ńlá ńlá ṣàlàyé nìyẹn! Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ gbogbo kíláàsì: obìnrin á dákẹ́ kí ilé má baà wó, á fi orúkọ tirẹ̀ di òpó. Sístà Fúnmi jókòó sẹ́yìn, ó ń gbọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni a ṣeré náà. Gbọ̀ngàn wa kò tóbi, àmọ́ ó kún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gba odindi ìlà kan: ìyàwó Pásítọ̀, àwọn akọrin, Bùròdá Kúnlé tó gbé fóònù sókè láti ya fídíò, àti Tómi tó máa jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ́dún náà. Eré lọ geere. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, wọ́n dákẹ́ níbi tó yẹ. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni mo wà, ọwọ́ mi lórí ohun tí a fi ń pa iná, nígbà tí ìran ìkẹyìn dé.

Rubén kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí bírò rẹ̀. "Ma, kí ni orúkọ yín?"

Sístà Fúnmi dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín iná kù díẹ̀díẹ̀ bí a ti ṣètò. Lójijì ló kúrò níwájú Rubén, ó yíjú sí gbọ̀ngàn.

"My name is Rẹ̀mílẹ́kún."

Mo dá iná dúró bó ti wà. Mo rò pé ìbẹ̀rù ló mú un. Rubén náà rò pé ó ti gbàgbé, ó sì fẹ́ gbà á sílẹ̀ bí òṣèré gidi: ó tẹ orí ba, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́?"

Ó kọ ọ́ fún un. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń pè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ sì ń ròkè sí i bó ṣe ń lọ. Nígbà tó pè é tán, ó wo ìlà àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ ní Yorùbá:

"Èmi kọ́ ni Fúnmi. Ẹ̀gbọ́n mi ni Fúnmi. Fúnmi ti kú."

N kò mọ ìgbà tí mo pa iná. Ohun tí mo rántí ni ìró ọwọ́. Àwọn òyìnbó dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súfèé. Lójú tiwọn, eré náà ni: obìnrin tí kò lórúkọ ti rí orúkọ, ó tún fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnì kan lẹ́bàá iwájú ń nu omijé. Àmọ́ láàárín gbogbo ariwo yẹn, ìlà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ti dìde. Ìyàwó Pásítọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Fóònù ti bọ́ lọ́wọ́ Bùròdá Kúnlé, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Mo gbọ́ ohùn Tómi tó ń bi bàbá rẹ̀, "Dad, who died? Dad?"

Nígbà tí mo dé yàrá ìmúra, Sístà Fúnmi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo kúnlẹ̀ tì í. Kò tíì sọ nǹkan kan tí ọkọ rẹ̀ fi wọlé, Tómi lẹ́yìn rẹ̀.

"Fúnmi, kí lo ṣe yìí?"

Ó gbójú sókè wò ó. "Daddy Tómi, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ sá, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ló dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tú jáde, níwájú ọmọ, níwájú mi, láàárín aṣọ eré tí a kó jọ.

Fúnmiláyọ̀ ni Bùròdá Kúnlé fẹ́. Láti Dallas ló ti ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó lọ sílé lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó sì gba ìwé fún un kó lè wá fẹ́ ẹ níbí. Ọ̀sẹ̀ tí físà jáde ni ibà mú ọmọbìnrin náà n'Ísẹ́yìn. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò padà wálé. Rẹ̀mílẹ́kún ni àbúrò rẹ̀. Ojú kan náà ni wọ́n ní, ẹni tí kò bá sún mọ́ wọn máa ń ṣì wọ́n pè. Òkú ṣì wà nílẹ̀ tí bàbá wọn fi pe ìpàdé ẹbí. Ó ní, "Ikú ti mú ọmọ lọ. Ẹ má jẹ́ kó tún mú ọ̀nà lọ." Wọ́n pe Kúnlé lórí fóònù. Ó sunkún títí, ó sì gbà.

Mo rò pé mo ti gbọ́ tán. Mo ní, "Kí wá ni wọ́n sọ fún àwọn ará àdúgbò?"

"Wọ́n ní èmi ni mo kú, ma."

"Báwo?"

"Wọ́n ní Rẹ̀mí ló kú, Fúnmi ń lọ Amẹ́ríkà. Orúkọ mi ni wọ́n fi sin ín. Sàréè kan wà n'Ísẹ́yìn, ma, tí wọ́n kọ Rẹ̀mílẹ́kún sí lára. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Wọ́n ní kí n sunkún àbúrò mi."

Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ènìyàn nípa obìnrin tí wọ́n sin orúkọ rẹ̀, tí mo máa ń sọ ọ́ bí àfiwé, tí mo máa ń gbá ọwọ́ lórí tábìlì bí mo bá ń sọ ọ́! Tómi kò sunkún. Ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àwòrán tó ti wà lára ògiri tipẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ó ní, "So Grandma calls you... every Sunday she calls you that?"

"Every Sunday," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Bùròdá Kúnlé yíjú sí mi. Ìtìjú ti di ìbínú lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kó eléyìí sí i lórí, Dókítà. Ilé wa wà jẹ́ẹ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìjọba lè ṣe fún wa? Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n lè dá a padà?"

Ohun tó sọ nípa ìjọba, òótọ́ ni.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ náà tàn bí iná ọyẹ́. Àwọn kan ní ẹ̀mí òkú ló gbé e lórí ìtàgé. Àwọn kan ní irú ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ ènìyàn ló ń ṣílẹ̀kùn fún èṣù, wọ́n sì ní kí Pásítọ̀ ké sí mi kí n wá ṣàlàyé. Mo lọ. Àwọn àgbà ìjọ jókòó, ojú le. Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, ìyàwó Pásítọ̀, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ní òun ní ìbéèrè kan.

"Nígbà tí Lásárù jáde, kí ni Jésù ní kí wọ́n ṣe fún un?"

Bàbá kan ní, "Ó ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ."

"Ó ṣeun. Kò ní kí wọ́n bi í pé ta ló ní kó jáde."

Ìpàdé tú. Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo gba títì márosẹ̀ lọ sí Mansfield, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Whitlock ń gbé lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti di arúgbó gan-an, ohùn sójà yẹn nìkan ló kù. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní mo fẹ́ máa jókòó ti obìnrin náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n máa bá a tú u palẹ̀, torí èmi ni mo mọ èdè rẹ̀, mo sì mọ ìwé.

Ó jẹ́ kí n parí, bó ti máa ń ṣe. Ó ní, "Rárá. O kì í ṣe dókítà rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni ká ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀, kì í ṣe orí ìtàgé ló máa sùn sí. Wá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tẹ́ ibùsùn fún un, kí ìwọ padà sídìí ilẹ̀kùn rẹ."

Ó dùn mí, àmọ́ mo gbà. Mo bá a wá onímọ̀ ọkàn kan, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ní sùúrù. Mo bá a wá lọ́yà. Lọ́yà náà gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní ohun méjì péré ni òun fẹ́ lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n má ṣe sá, kí wọ́n má sì tún pa irọ́ kankan mọ́. Ẹjọ́ náà pẹ́, ó ju ohun tí ẹnikẹ́ni rò lọ. Iṣẹ́ ilé arúgbó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kíláàsì nọ́ọ̀sì náà dúró, torí orúkọ Fúnmi ló wà lára gbogbo ìwé rẹ̀. Bí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá gba iwájú ilé wọn kọjá, ó máa ń jókòó sílẹ̀. Nígbà tó yá, adájọ́ wo bó ti kéré tó nígbà tí wọ́n rán an wá, ó wo ọmọ tó bí síhìn-ín, ó sì darí jì í. Ó ní kí wọ́n tún ìwé rẹ̀ kọ ní orúkọ rẹ̀. Ìwé nọ́ọ̀sì náà kò tíì parí títí di òní, àmọ́ ó ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ìtàn yìí, ó ní kí n má bo ohunkóhun.

Bùròdá Kúnlé náà wá sí ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ kan. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó jókòó, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́.

"Dókítà, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ràn Fúnmi. Nígbà tí wọ́n pè mí pé ó kú, n ò rí i, n ò rí sàréè rẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo lọ sí ẹ́ápọ́ọ̀tù, mo rí ojú rẹ̀ tó ń bọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń pe orúkọ yẹn, ó sì ń dáhùn. Bó bá ṣe ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni Fúnmi ò ṣe kú."

"Ẹni tó wá ń dáhùn ńkọ́?"

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà kalẹ̀. "Ìyẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ara mi. Mo bi í lánàá pé irú oúnjẹ wo ló fẹ́ràn. Ẹ gbọ́, ma. Gbogbo ọdún tí a ti wà pọ̀, ohun tí Fúnmi fẹ́ràn ni mo ń rà fún un."

Wọn kò kọ ara wọn sílẹ̀. Wọn kò sì tíì padà máa sùn nínú yàrá kan náà. Tómi ti lọ sí yunifásítì, àmọ́ bó bá pè wọ́n lórí fóònù, orúkọ ìyá rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ pè, kó tó pe mọ́mì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì gbọ́. Ìyá Rẹ̀mí n'Ísẹ́yìn ni. Bàbá ti kú tipẹ́. Rẹ̀mí ní òun kò lè pè wọ́n láti ilé, ó ní ògiri ilé yẹn ti gbọ́ Fúnmi jù. Ó ní ṣé òun lè lo ọ́fíìsì mi. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé fóònù ti ẹ̀gbẹ́ ìwé orí tábìlì mi, ó ní kí n jókòó ti òun.

Ojú màmá yọ lójú fóònù. Àga ìgbàlejò ni wọ́n jókòó sí, wọ́n wé gèlè.

"Fúnmi, ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Màámi, Rẹ̀mí ni."

Màmá bojú wẹ̀yìn, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n dìde, a rí aṣọ wọn nìkan, a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn, a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti fèrèsé. Wọ́n padà wá jókòó, wọ́n gbé fóònù súnmọ́ ojú tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo la rí.

Wọ́n ní, "Àkànkẹ́."

Rẹ̀mí di etí tábìlì mú. Láti ọjọ́ tó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹnikẹ́ni kò tíì fi oríkì yẹn pè é.

"Àkànkẹ́ mi. Ìwọ ni? Ṣé ìwọ ni lóòótọ́?"

"Èmi ni, Màámi. Mo ti sọ fún wọn. Gbogbo ènìyàn ti gbọ́. Adájọ́ pàápàá ti gbọ́, kò sí ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe mọ́. Ẹ ò ní láti fi pamọ́ mọ́."

Màmá ń mi orí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa jáde lẹ́nu wọn, ohùn tó gbé e kì í ṣe ohùn arúgbó, ohùn ìyá ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú dé ni.

"Fúnmi mi kú o! Ọmọ mi àkọ́bí kú! Orúkọ rẹ ni wọ́n ní kí n fi sunkún rẹ̀, Àkànkẹ́, mi ò rí orúkọ rẹ̀ pè níbi òkú rẹ̀! Fúnmi! Fúnmiláyọ̀ o!"

"Ẹ pè é, Màámi," ni Rẹ̀mí ń sọ, omijé ń dà lójú òun náà, ó na ọwọ́ sí ojú fóònù bí ẹni tó fẹ́ nu ojú wọn. "Ẹ pè é dáadáa. Ẹ sunkún rẹ̀. Mo wà pẹ̀lú yín."

Mo dìde. Mo jáde, mo fa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bọ̀ lọ́nà kíláàsì, wọ́n gbọ́ ẹkún, wọ́n ń wò mí. Mo gbé ìka lé ètè, mo sì dúró níwájú ilẹ̀kùn náà kí ẹnikẹ́ni má wọlé.